Orí Keje: Ọkọ̀ Ìje Tó Ń Fi Oòrùn Sáré

Lẹ́yìn orí yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:
- ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín wáàtì àti wáàtì-wákàtí;
- sọ bí ọkọ̀ oòrùn ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé nílẹ̀ Áfíríkà;
- ṣírò agbára tí ọkọ̀ kékeré kan nílò, kí ó sì fi wé ohun tí oòrùn Rẹ́mọ lè pèsè;
- pín iṣẹ́ ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ to irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, láìfi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wewu.

7.1 Ẹ̀rọ kékeré ẹnu ọ̀nà onígbàjámọ̀

Ní ọ̀sán gangan ní Sábọ̀, Ṣàgámù, bí iná bá ti lọ báyìí, kì í pẹ́ tí ariwo kan á fi gba àdúgbò kan: ariwo ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí “I pass my neighbour”. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà onígbàjámọ̀, ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń bá èèyàn gba iná sí fóònù. Ẹ̀rọ yìí lè gbé fáànù kan tàbí méjì, tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù mélòó kan àti ẹ̀rọ tí onígbàjámọ̀ fi ń gẹrun. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dán áyọ̀ọ̀nù wò níbẹ̀ o. Bí wọ́n bá fi kọ́ ọ, ohùn ẹ̀rọ á kọ́kọ́ wálẹ̀, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, á sì kú pii. Nǹkan bí 650 wáàtì ni ẹ̀rọ náà lè pèsè. Áyọ̀ọ̀nù ń bèèrè 1,000.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oòrùn táwọn ọ̀dọ́ fi ń díje káàkiri ayé, agbára tí kò ju ti áyọ̀ọ̀nù yẹn lọ púpọ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán tó ń ná Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde lè gbé 80,000 wáàtì jáde tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báwo wá ni ẹni tó ní 1,000 wáàtì péré ṣe fẹ́ gbé èèyàn kan rìn, débi tí yóò fi bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré ìje?

Ìṣúná ni ìdáhùn. Ẹgbẹ́ tó ń to ọkọ̀ oòrùn kì í lè bẹ oòrùn pé kó fi díẹ̀ kún un. Ohun tó wà níkàáwọ́ wọn ni pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí èyí tó wọlé ṣòfò: kí ọkọ̀ fúyẹ́, kí ara rẹ̀ má ṣe di afẹ́fẹ́ lọ́nà, kí bíréèkì má máa fara kan irin láìnídìí, kí awakọ̀ mọ ìgbà tí yóò sáré àti ìgbà tí yóò rọra. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Kí á tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀. Wáàtì ń sọ bí agbára ṣe ń yára wọlé tàbí jáde ní ìṣẹ́jú tí a wà nínú rẹ̀, bí ìgbà tí omi bá ń ṣàn lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Wáàtì-wákàtí ń sọ àpapọ̀ agbára tó ti wọlé, bí omi tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Pánẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè 300 wáàtì fún wákàtí mẹ́rin ti kó 1,200 wáàtì-wákàtí jọ. Pánẹ́ẹ̀lì ni ẹnu ẹ̀rọ omi. Bátìrì ni dúrọ́ọ̀mù.

7.2 Láti ohun ìṣeré títí dé ìje tó la orílẹ̀-èdè kan já

Ní oṣù kẹrin ọdún 1954, ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà fi sẹ́ẹ̀lì sólà tí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù ṣe han aráyé. Àwọn mẹ́ta ló wà nídìí rẹ̀: Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson. Nínú gbogbo oòrùn tó bà lé sẹ́ẹ̀lì náà, nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ló lè sọ di iná. Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà lọ́jà lónìí ń sọ nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún di iná.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní August 31, 1955, William Cobb tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú General Motors gbé ọkọ̀ kan síwájú àwọn èrò níbi àfihàn kan ní Chicago. Ọkọ̀ náà kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 38 lọ, sẹ́ẹ̀lì 12 ló wà lórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè jókòó sínú rẹ̀. Ohun ìṣeré ni. Ṣùgbọ́n ó rìn, oòrùn ló sì gbé e rìn.

Ó tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí ẹnì kan tó wa irú rẹ̀ la orílẹ̀-èdè kan já. Ní ìparí 1982, Hans Tholstrup àti Larry Perkins gbé ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Quiet Achiever kúrò ní Perth, ní ìwọ̀ oòrùn Australia, wọ́n sì dé Sydney ní ìlà oòrùn ní oṣù kìíní 1983. Nǹkan bí 4,000 kìlómítà ni, ogún ọjọ́ ni wọ́n fi rìn ín. Agbára pánẹ́ẹ̀lì orí ọkọ̀ náà kò ju nǹkan bí 1,000 wáàtì lọ: áyọ̀ọ̀nù kan.

Tholstrup kò fi mọ síbẹ̀. Ní 1987 ó dá ìje sílẹ̀ láti Darwin ní àríwá Australia dé Adelaide ní gúúsù, nǹkan bí 3,000 kìlómítà. Ọkọ̀ General Motors tó ń jẹ́ Sunraycer ló gba ipò kìíní, ó ń sáré nǹkan bí kìlómítà 67 ní wákàtí kan, ó sì fi ohun tó ju ọjọ́ méjì lọ ṣáájú ẹni kejì. Bí omi ṣe ń kán láti ojú ewé ni wọ́n ṣe gbẹ́ ara ọkọ̀ náà, kí afẹ́fẹ́ lè yọ̀ kọjá lára rẹ̀. Ní 2023, ẹgbẹ́ Innoptus láti Leuven ní Belgium rin ọ̀nà kan náà ní ìwọ̀n kìlómítà 88 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì tí òfin gbà wọ́n láyè láti lò kéré gan-an sí ti ayé Sunraycer. Ohun tó yí padà jù ni ọgbọ́n ìṣúná.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama náà ní ìje tiwọn. Ní 1993, Winston School ní ìlú Dallas, ìpínlẹ̀ Texas, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀ oòrùn. Ìje àkọ́kọ́ wáyé ní 1995. Solar Car Challenge ni wọ́n ń pè é. Láwọn ọdún mìíràn, ojú títì gidi ni wọ́n ti ń sá a láti ìlú dé ìlú. Láwọn ọdún tó kù, pápá ìje Texas Motor Speedway ni, níbi tí ìyípo kan ti jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 2.4. Ẹgbẹ́ tí ìyípo rẹ̀ bá pọ̀ jù láàárín ọjọ́ mélòó kan ló gba ipò kìíní; ẹni tó sáré burúkú láàárọ̀ tí bátìrì rẹ̀ wá gbẹ lọ́sàn-án, ẹ̀gbẹ́ títì ni yóò dúró sí tí yóò máa wo àwọn tó rọra.

7.3 Nílẹ̀ wa

South Africa ló ń gbàlejò ìje ọkọ̀ oòrùn tó tóbi jù ní Áfíríkà. Láti 2008 ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀nà rẹ̀ sì ń gba àárín ìlú àti orí òkè. Ní Uganda, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Makerere University to ọkọ̀ oníná Kiira EV ní 2011, nígbà tó sì di 2016, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti di bọ́ọ̀sì Kayoola tí pánẹ́ẹ̀lì wà lórí òrùlé rẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ ilé jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 2014, ìròyìn tàn kálẹ̀ nípa Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Obafemi Awolowo University, tó yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò lára Volkswagen ìjàpá, tó sì sọ ọ́ di ọkọ̀ oníná. Pánẹ́ẹ̀lì wà lórí òrùlé. Bátìrì wúwo, nítorí náà ó ní láti wá sípíríǹgì tó lè gbé e, kí ọkọ̀ má bàa máa fi ikùn wọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà tó ní kòtò. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó lò jẹ́ àlòkù tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí fi ta á lọ́rẹ, owó tó sì ná kò tó 6,000 dọ́là. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni bátìrì rẹ̀ fi ń kún. Àwọn kan ti sọ fún un pé ó ń fi àkókò ṣòfò ni.

Ohun kan wà lára ọkọ̀ Oyèyíọlá tó yẹ kí kíláàsì jókòó ṣe àríyànjiyàn lé lórí. Yàtọ̀ sí pánẹ́ẹ̀lì, ó fi abẹ̀bẹ̀ afẹ́fẹ́ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí afẹ́fẹ́ tó ń gba iwájú ọkọ̀ wọlé lè máa yí i, kí ó sì máa fún bátìrì lágbára. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú atẹ́gùn, èrè gidi ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń sáré lọ́jọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́, níbo ni afẹ́fẹ́ tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ti wá? Ìrìn ọkọ̀ ló dá a sílẹ̀. Kí ló sì ń mú ọkọ̀ rìn? Bátìrì ni. Ohun tí abẹ̀bẹ̀ gbà wọlé kò lè tó ohun tí bátìrì ná láti ti abẹ̀bẹ̀ náà la afẹ́fẹ́ kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí èyí bá yé ti rí ìdí tí ọkọ̀ ìje oòrùn kì í fi í gbé abẹ̀bẹ̀ dání.

Ní ọdún 2014 kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ University of Lagos gbé ọkọ̀ wọn, AutoNov 1, lọ sí Rotterdam fún ìje Shell Eco-marathon. Ìje yẹn kò bèèrè ẹni tó yára jù. Ẹni tó fi agbára tó kéré jù lọ rìn jìnnà jù ló ń wá. Ní 2019, University of Nigeria, Nsukka, náà gbé ọkọ̀ oníná elérò márùn-ún jáde, wọ́n pè é ní Lion Ozumba 551. Kì í ṣe ọkọ̀ oòrùn, àmọ́ bátìrì, wáyà àti ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí orí yìí ń sọ.

7.4 Oòrùn Rẹ́mọ

Ilẹ̀ Rẹ́mọ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.9 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún ọkọ̀ oòrùn, nítorí pánẹ́ẹ̀lì orí ọkọ̀ kò lè dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi ti orí ilé. Ńṣe ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń dúró ṣánṣán lórí wa lọ́sàn-án, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá fi igi gígùn nàró lọ́jọ́ yẹn kò ní rí òjìji rẹ̀. Kódà ní oṣù kejìlá tí oòrùn ti rìn lọ sí gúúsù, ó ṣì ń ga tó ìwọ̀n 60 lọ́sàn-án, pánẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ pẹrẹsẹ sì ń rí nǹkan bí ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán tó ń bọ̀ tààrà. Ní London, lásìkò kan náà, oòrùn ọ̀sán kì í ga ju nǹkan bí ìwọ̀n 15 lọ. Pánẹ́ẹ̀lì pẹrẹsẹ níbẹ̀ kò ní rí ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n oòrùn wa ní ọ̀tá mẹ́ta. Ìkùukùu oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án lè bo ojú ọ̀run láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ìyẹn bá lọ tán, ọyẹ́ á dé pẹ̀lú eruku, á sì fi ìpele funfun kan bo ojú dígí. Àárọ̀ kùtù ni kí wọ́n ti fi aṣọ rírọ̀ àti omi nu pánẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá da omi tútù sórí dígí tó ti gbóná lọ́sàn-án, ó lè gbọ́ kí dígí náà sán.

Òjìji ni ọ̀tá kẹta, òun ló sì máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù. Ẹ gbé pánẹ́ẹ̀lì kan síta lọ́sàn-án, ẹ fi mítà kọ́ ọ, kí ẹnì kan wá na àtẹ́lẹwọ́ sókè ojú rẹ̀ títí òjìji yóò fi bo sẹ́ẹ̀lì kan péré. Sẹ́ẹ̀lì kan nínú 60, àmọ́ agbára pánẹ́ẹ̀lì náà lè já wálẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdí ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì so kọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn: ibi tí ọ̀kan bá ti há, iná kò ní ráyè kọjá níbẹ̀. Ewé kan tó balẹ̀ sórí ọkọ̀ lọ́jọ́ ìje lè náni ní ìyípo kan.

Nípa ọwọ́ tí yóò to ọkọ̀, Rẹ́mọ ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Ní January 27, 1956, Táì Ṣólàárìn àti ìyàwó rẹ̀ Sheila ṣí Mayflower School sí Ìkẹ́nnẹ́. Ọmọ tó bá lọ síbẹ̀ nígbà náà, iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ẹ̀kọ́ rẹ̀: wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n sì ń bá wọn kọ́ ilé tí àwọn fúnra wọn yóò kẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ oòrùn ń bèèrè irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní ka gíríìsì lọ́wọ́ sí ẹ̀gbin.

7.5 Ìṣirò: ọkọ̀ ẹgbẹ́ kan ní Ṣàgámù

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ kan bí àpẹẹrẹ: akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá láti SS 1 àti SS 2, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìjókòó kan ṣoṣo. Wọ́n ra pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, 330 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 990 wáàtì. Ìwúwo ọkọ̀ náà rèé:

- pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta: 57 kílò
- awakọ̀: 80 kílò
- bátìrì lítíọ́ọ̀mù: 25 kílò
- férémù onípáìpù: 80 kílò
- ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀, táyà, bíréèkì àti wáyà: 58 kílò
- àpapọ̀: 300 kílò

Wọ́n fẹ́ rin kìlómítà 36 ní wákàtí kan, ìyẹn mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ohun méjì ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Àkọ́kọ́, táyà. Táyà tó kún dáadáa lórí ọ̀dà ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀: 300 × 9.8 × 0.01 = 29.4 newton. Agbára jẹ́ ipá lọ́nà ìyára, nítorí náà 29.4 × 10 = 294 wáàtì.

Èkejì, afẹ́fẹ́. Ẹ fi 0.6 dúró fún fífẹ̀ iwájú ọkọ̀ àti bí ara rẹ̀ ṣe dán tó, kí 1.2 sì dúró fún bí afẹ́fẹ́ ṣe ki tó: ½ × 1.2 × 0.6 × 10 × 10 = 36 newton. Lọ́nà mẹ́wàá, ó di 360 wáàtì.

Àpapọ̀ jẹ́ 654 wáàtì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iná tó kúrò nínú bátìrì ló ń dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Díẹ̀ ń di ooru nínú wáyà àti nínú ẹ̀rọ. Bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún bá dé ibẹ̀, bátìrì ní láti gbé 654 ÷ 0.8 jáde, ìyẹn 818 wáàtì. Kò tó áyọ̀ọ̀nù.

Èló ni oòrùn yóò mú wá? Bí a bá pa gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan pọ̀ ní Rẹ́mọ, a lè kà á sí nǹkan bíi wákàtí 4.5 tí oòrùn mú tán pátápátá. Ooru, eruku àti ìdàgẹ̀rẹ̀ oòrùn ń gba tiwọn, nítorí náà ẹ fi ìdá 75 ka èyí tó kù: 990 × 4.5 × 0.75 = nǹkan bí 3,341 wáàtì-wákàtí. Pín in sí 818, ó fi díẹ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ. Kìlómítà 147 nìyẹn, ó sì ju gbogbo gígùn títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ, nítorí ìyẹn kò ju nǹkan bí 127 lọ.

Ó dára. Ká ní awakọ̀ wá rí ọkọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn níwájú, tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tó sọ eré náà di ìlọ́po méjì ńkọ́? Agbára tí táyà ń fẹ́ di 588 wáàtì, ìlọ́po méjì péré. Ti afẹ́fẹ́ di 2,880, ìlọ́po mẹ́jọ! Lẹ́yìn tí a bá ti pín àpapọ̀ wọn sí 0.8, bátìrì ní láti gbé 4,335 wáàtì jáde. Oòrùn ọjọ́ yẹn kò ní gbé e ju ìṣẹ́jú 46 lọ, kìlómítà 55 ni yóò sì dúró sí. Ó fi kìlómítà 92 ra ìwàǹwára.

Ìwúwo náà ní owó tirẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ yìí kọ bátìrì lítíọ́ọ̀mù nítorí ó wọ́n, wọ́n wá ra bátìrì olójé mẹ́rin, irú èyí tó wà nídìí ínfátà ilé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12 fólìtì àti 100 ampere-wákàtí. Nǹkan bí 120 kílò ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bátìrì olójé kì í fẹ́ kí wọ́n lò ó kọjá ìdajì, nítorí náà nínú 4,800 wáàtì-wákàtí tó wà nínú wọn, 2,400 ni wọ́n lè ná, kò sì ju ohun tó wà nínú bátìrì lítíọ́ọ̀mù 25 kílò lọ. Kílò 95 tó lé yẹn wúwo ju awakọ̀ kejì lọ, yóò sì máa jẹ nǹkan bí 116 wáàtì ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ìrìn. Ẹgbẹ́ tó ní irú bátìrì bẹ́ẹ̀, tó wá ń fi ọ̀sẹ̀ méjì kun ọkọ̀ lọ́dà aláràbarà, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

7.6 Ta ni yóò ṣe kí ni?

Kò sí ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tó lè dá gbogbo iṣẹ́ yìí ṣe. Ṣàgámù kún fún àwọn ọ̀gá tí ọwọ́ wọn ti mọ ọ́n. Wẹ́dà mọ bí wọ́n ṣe ń jó páìpù pọ̀ tí kò fi ní là níbi tó ti gbọ̀n. Rìwáyà mọ ibi tí iná ti ń sọnù nínú ọkọ̀. Fọganáísà mọ̀ pé táyà tí kò kún ń jẹ agbára, bí kò tilẹ̀ pè é ní newton. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ọ̀wọ̀ wọlé, tó kí “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá”, tó sì gba sípánà mú, yóò kọ́ ohun tí tíṣà Físíìsì kò lè kọ sójú pátákó.

Nínú ẹgbẹ́, ó dára kí iṣẹ́ pín sí mẹ́rin: àwọn tó ń bójú tó férémù àti bíréèkì, àwọn tó ń bójú tó pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, àwọn tó ń ṣírò, tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí mítà bá sọ sínú ìwé, àti àwọn tó ń wá owó, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà, tí wọ́n sì ń ṣàlàyé fún òbí. Kí iṣẹ́ máa yí ká lẹ́yìn táàmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan má bàa lo ọdún mẹ́ta nídìí lẹ́tà kíkọ.

Ewu bátìrì ju bó ṣe rí lójú lọ. Bátìrì 48 fólìtì lè dákẹ́ síbẹ̀ bí òkúta, ṣùgbọ́n bí sípánà bá já lé orí rẹ̀ tó fi ara kan ẹnu méjèèjì pọ̀, iná á tàn yẹ̀rì, irin sípánà á pọ́n bí ẹyin iná, bátìrì sì lè gbiná. Nítorí náà, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án kọ́kọ́ bọ́ òrùka, ṣéènì àti aago irin. Kí wọ́n fi téèpù wáyà we ọwọ́ sípánà. Kí fíúsì wà nítòsí bátìrì gan-an, kí bọ́tìnnì pupa kan sì wà níta ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ láti pa iná. Lítíọ́ọ̀mù nílò ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ọ kí ó má kún jù, kí ó má sì gbẹ jù.

Bíréèkì kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe ìṣúná. Méjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá já. Akoto, bẹ́líìtì àti páìpù tó yí orí awakọ̀ ká jẹ́ dandan nínú ìje àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Texas. Ọkọ̀ tí kò bá yege níbi àyẹ̀wò kò ní fi ẹsẹ̀ kan pápá. Ní Rẹ́mọ, pápá ilé ẹ̀kọ́ tàbí ojú ọ̀dà tí wọ́n ti dínà rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ dán ọkọ̀ wò. Títì márosẹ̀ tí tírélà símẹ́ǹtì ń gbà kò sí lára ibi ìdánwò.

7.7 Ọjọ́ ìje

Nínú ìje ti Australia, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ọkọ̀ ń gbéra, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ibi tó bá bá wọn ni wọ́n ń dúró sí, ì báà jẹ́ àárín aginjù. Iṣẹ́ kò tíì tán nígbà yẹn. Wọ́n á ṣí òrùlé ọkọ̀, wọ́n á dojú rẹ̀ kọ oòrùn tó ń wọ̀, kí bátìrì lè fi díẹ̀ kún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárọ̀ kùtù, wọ́n á tún dojú rẹ̀ kọ ìlà oòrùn.

Òfin ìje yẹn fi ìwúwo awakọ̀ sí 80 kílò. Bí awakọ̀ bá jẹ́ 55 kílò, wọ́n á di 25 tó kù sínú àpò, wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tínínrín má bàa fi ara rẹ̀ rẹ́ àwọn yòókù jẹ.

Ẹni tó ń ṣọ́ ìwé ìṣirò ló ń darí ìje ju awakọ̀ lọ. Òun ló ń wo ojú ọ̀run. Bí ó bá rí ìkùukùu níwájú, ó lè sọ fún awakọ̀ pé kó sáré díẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀, kó má ṣe pẹ́ nínú òjìji. Bí ojú ọ̀run bá ṣú pátápátá, yóò ní kó dín eré kù, kí bátìrì lè pẹ́. Lórí ilẹ̀ tó ń gòkè mítà mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún mítà, ọkọ̀ 300 kílò tó ń rin mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nílò 882 wáàtì lórí ohun tí táyà àti afẹ́fẹ́ ń bèèrè. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ ju ohun tí pánẹ́ẹ̀lì lè mú wá lójú ẹsẹ̀ lọ. Bátìrì ni yóò sanwó òkè yẹn, ẹni tó bá sì ti ná an tán lórí ilẹ̀ títẹ́jú yóò sọ̀ kalẹ̀ wá ti ọkọ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣàlàyé, pẹ̀lú àpẹẹrẹ tìrẹ láti ilé tàbí ọjà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wáàtì àti wáàtì-wákàtí.

2. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ Ṣàgámù yọ pánẹ́ẹ̀lì kan kúrò. Ó ku méjì. Ìwúwo rẹ̀ di 281 kílò. Ṣírò agbára tó nílò ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti iye kìlómítà tó lè rìn lójúmọ́. Ṣé yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ pé wọn?

3. Pín kíláàsì sí méjì. Kí apá kan gbèjà abẹ̀bẹ̀ afẹ́fẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí apá kejì takò ó. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára ti wá àti ibi tó ń lọ.

4. Kí ni ìdí tí pánẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ pẹrẹsẹ fi wúlò ní Ìkẹ́nnẹ́ ju London lọ ní oṣù kejìlá? Ya àwòrán oòrùn, ọkọ̀ àti ilẹ̀ láti fi ṣàlàyé.

5. Fi ọ̀wọ̀ bẹ rìwáyà kan ládùúgbò rẹ pé kó jẹ́ kí o fi mítà wo bátìrì ọkọ̀ kan kí wọ́n tó ṣáná sí i, lásìkò tí wọ́n ń ṣáná, àti lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti dìde. Kọ iye fólìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí o sì mú un wá sí kíláàsì.